Ọ̀nà Pupa Inú Boston: Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Jáde, Kí Ẹ Fẹsẹ̀ Rìn Ín

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn wa nípa ibi tí ẹbí lè lọ nígbà ìsinmi ilé-ìwé láìná owó rẹpẹtẹ. Ó mọ̀ pé akáńtáǹtì ni mí, ó sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó tí a kò ní í ná, mi ò ní sùn lé e.

Ìdáhùn mi kò jìnnà. Ọ̀nà pupa tó wà láàárín ìlú Boston ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lé ní ogún ọdún lágbègbè yìí. A mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, a mọ ọ̀nà ibi iṣẹ́, a mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti epo pupa, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ la ti ń wo ìlú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wo ìlú, bó pẹ́ títí, àlejò ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa kì í ṣe àlejò. Ibí ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn sí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà pupa?

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é ni Freedom Trail. Ẹ jẹ́ kí àwa máa pè é ní Ọ̀nà Òmìnira. Ní 1951, oníròyìn kan tó ń jẹ́ William Schofield dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n so àwọn ibi ìtàn inú ìlú pọ̀ mọ́ra, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ìlú gbà á. Lónìí, ìlà pupa kan ló wà nílẹ̀ lójú títì. Níbòmíràn ọ̀dà ni, níbòmíràn bíríkì pupa ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Máìlì 2.5 ni gígùn rẹ̀, ibi 16 ló sì so pọ̀, láti pápá Boston Common títí dé òkè Bunker Hill ní Charlestown. Ẹ kò nílò ẹni tí yóò mú yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ń tẹ̀lé pupa yẹn, ẹ kò lè sọnù.

Ní oṣù kẹjọ 2023, ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ 16, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 10. Mo kó gbogbo wọn, ó di ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi mí sí láti lọ búra, kí n di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń sún ọ̀rọ̀ yẹn síwájú. Nígbà tí ìwé dé wàyí, mo rí i pé inú Faneuil Hall ni ìbúra náà yóò ti wáyé, ọ̀kan nínú àwọn ibi 16 wọ̀nyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ó yẹ kí n mọ irú ilé tí mo fẹ́ gbọ́wọ́ sókè nínú rẹ̀.

Láti orí pápá dé itẹ́ òkú

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Park Street. Ibùdókọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ìtàn ni: 1897 ni wọ́n ṣí i, ara ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni. Bí ẹ bá ti jáde síta, ẹ ti wà ní Boston Common. Láti 1634 ni ó ti jẹ́ ilẹ̀ gbogbo ìlú. Títí di 1830, màlúù ń jẹko níbẹ̀. Màmá ní, "Àṣé àwọn náà máa ń da màlúù láàárín ìlú!"

Níbẹ̀ ni ère ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023. Apá mẹ́rin tó dì mọ́ra ni, láti rántí Martin Luther King àti ìyàwó rẹ̀ Coretta, tí wọ́n pàdé ara wọn ní Boston nígbà tí wọ́n ń kàwé. Màmá yí i po, wọ́n dúró. "Apá rèé. Orí wọn dà? Nílé wa, orí ni agbẹ́gilére ń ṣe tóbi jù. Orí la fi ń mọ èèyàn." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ère tí a bá rí, orí rẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin kọ́kọ́ ń wò.

Lókè pápá ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà, èyí tí wọ́n parí ní 1798. Òrùlé rìbìtì rẹ̀ ń dán gbinrin. Pákó ni wọ́n fi bò ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ní 1802 wọ́n fi bàbà bò ó, ó di 1874 kí wọ́n tó fi wúrà lé e. Ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé yẹn, ẹ má ṣe kọjá láìdúró. Ère tí wọ́n ṣí ní 1897 wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54 ti Massachusetts, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tí wọ́n jà nígbà ogun abẹ́lé. Kò sí lára àwọn ibi 16, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mélòó kan péré ni sí ọ̀nà pupa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò wọn fún yín, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Dọ́là 13 ni ọmọ ogun aláwọ̀ funfun ń gbà lóṣù. Dọ́là 10 ni wọ́n fẹ́ fún adúláwọ̀, wọn a sì yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Ó ku 7. Àwọn ọmọ ogun yìí kọ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní òun yóò fi èyí tó kù kún un fún wọn, wọ́n tún kọ̀. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ni kó san án pé. Lásìkò yẹn náà ni wọ́n kọlu odi Fort Wagner ní oṣù keje 1863, tí ọ̀pọ̀ wọn kú síbẹ̀. Oṣù kẹfà 1864 ni ilé aṣòfin àpapọ̀ tó ṣe òfin pé kí owó wọn dọ́gba.

Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jagun ni?"

Mo ní, "Wọ́n jà lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa gba owó ẹ̀tẹ́."

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, a dé Park Street Church, ti 1809, níbi tí William Lloyd Garrison ti bá òwò ẹrú wí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1829. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni itẹ́ òkú Granary, tó ti wà láti 1660. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìtàn àwọn ọmọ wa ló sùn síbẹ̀: Samuel Adams, Paul Revere, àti John Hancock tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà. Òkúta ibojì Hancock ga fíofío. Lẹ́bàá rẹ̀, òkúta kékeré kan wà nílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba kí ẹ tó kà á. Frank ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, ìránṣẹ́ John Hancock, tó kú ní 1771.

Màmá ní kí ọmọ mi obìnrin ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó kà á. Wọ́n bi í pé, "Ọmọ ta ni Frank?" Ó ní kò sí níbẹ̀. "Ọmọ ibo ni?" Kò sí níbẹ̀. Màmá mi orí wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n gbìyànjú, wọ́n fún un ní òkúta. Ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní bàbá."

Ọmọbìnrin tí wọ́n sọ lórúkọ ọkọ̀

Ẹ tẹ̀lé pupa lọ sí School Street. Ibẹ̀ ni Boston Latin School wà nígbà kan, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1635, ilé-ìwé ìjọba tó pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà. Benjamin Franklin lọ síbẹ̀, kò parí rẹ̀, ère rẹ̀ sì ló dúró níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ti Franklin kẹ́wọ́ o! Ilé-ìwé náà ti kúrò lójú ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò gba ọmọbìnrin wọlé títí di 1972. Ọmọ mi obìnrin ka ọdún yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ti dáyé nígbà yẹn!" Mo ní kó má pariwo ọjọ́ orí mi láàárín ọjà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Old South Meeting House, tí wọ́n kọ́ ní 1729. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn péjọ sí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá 1773 nítorí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé tíì. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti lọ da àpótí tíì 342 sínú òkun. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló mọ ìtàn yẹn. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pọ̀ mọ́ ọn ni ti Phillis Wheatley.

Ní 1761, ọkọ̀ ẹrú kan gúnlẹ̀ sí Boston. Phillis ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ láti Áfíríkà, tí yóò tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Ìdílé Wheatley rà á. Wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi orúkọ ara wọn ṣe orúkọ ìdílé fún un. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọ yìí kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ Látìn, ó ń kọ ewì. Ìjọ Old South ló gbà á wọlé ní 1771. Nígbà tó ní ìwé ewì lọ́wọ́, àwọn èèyàn Boston 18 tí wọ́n jẹ́ ọlọ́lá, John Hancock wà nínú wọn, ní láti fọwọ́ sí i pé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. London ni wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde ní 1773. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ní ìwé lórúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Ó gba òmìnira, ó sì kú nínú ìṣẹ́ ní 1784. Kò sẹ́ni tó mọ ibojì rẹ̀.

Màmá jókòó sórí àga níta, wọ́n pe àwọn ọmọ mọ́ra. Wọ́n ní, "Àjàyí Crowther náà, ọmọdé ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821. Inú ọkọ̀ ẹrú ló wà kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta wa, ó fojú kan ìyá rẹ̀ padà. Kí ló fi mọ̀ ọ́n? Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ọmọ ẹni tí òun ń ṣe." Wọ́n wá bi ọmọ mi ọkùnrin pé, "Ọkọ mi, kí ni orúkọ rẹ lódindi?" Ọmọ tí a kì í gbọ́ orúkọ Yorùbá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nílé-ìwé, ó dìde dúró, ó ka gbogbo rẹ̀, títí dé oríkì. Àwọn àlejò tó ń kọjá ń wò wá. Kò kàn án.

Ilé Faneuil

Old State House kò jìnnà síbẹ̀, ilé bíríkì ti 1713. Níwájú rẹ̀ ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu èrò ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 1770. Èèyàn márùn-ún ló kú. Crispus Attucks, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti onílẹ̀ Amẹ́ríkà lára, wà lára wọn. Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé yìí ni wọ́n ti ka ìwé òmìnira sétí ìlú ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje 1776. Lójú títì kan náà, State Street, ní 1854, àwọn sójà mú Anthony Burns tó sá kúrò lóko ẹrú, wọ́n mú un gba àárín èrò kọjá lọ sínú ọkọ̀ tó dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọdún 78 ló wà láàárín méjèèjì. Títì kan náà ni.

Lẹ́yìn náà la dé Faneuil Hall. Ẹ wo orí òrùlé rẹ̀, ẹ ó rí tata onígóòlù tó ń tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Peter Faneuil ló kọ́ ilé náà, ó sì fi ta ìlú lọ́rẹ ní 1742: ọjà nísàlẹ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé lókè. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń wá òmìnira kúrò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́jà ńlá ni Faneuil, ẹrú sì wà nínú ohun tó ń tà.

Ọmọ mi obìnrin ti ka èyí kí a tó dé ibẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Mọ́mì, inú ilé ọkùnrin yìí lẹ ó ti búra?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wo Màmá. Wọ́n ní kí a jókòó ná, kí wọ́n sinmi ẹsẹ̀. Wọ́n wá bi í léèrè pé, "Ìta Tinúbú tó wà l'Ékòó, orúkọ ta ni?"

Ó ní òun ò mọ̀.

"Ẹfúnróyè Tinúbú ni. Ìyálóde Ẹ̀gbá ni. Ó ra ohun ìjà fún Abẹ́òkúta nígbà tí Dàhòmì kógun tì wá. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá a ò bí èmi, a ò bí ìyá rẹ, a ò bí ìwọ náà. Ó sì tún ta ẹrú. Ó ta ọmọ ọlọ́mọ. A ò ní torí èkíní ṣe bí ẹni tí kò mọ èkejì, a ò sì ní torí èkejì sọ pé kò ṣe èkíní."

Ọmọ náà dákẹ́. Mo wá rí ohun tí mo lè fi kún un, torí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Mo ní ìwé ìṣirò owó ní apá méjì, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Bí ẹnì kan bá ya ojú ewé kan dà nù kí ìṣirò rẹ̀ lè dùn ún wò, kò sí ọ́dítọ̀ tí yóò fọwọ́ sí i. Ilé Faneuil nìyí: owó ẹrú wà nínú bíríkì rẹ̀, ojú ewé kan nìyẹn. Ojú ewé kejì ni pé Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1838, dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú Anthony Burns ní 1854, inú gbọ̀ngàn yẹn náà ni àwọn èèyàn ti péjọ, tí wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Faneuil kò kọ́ ilé náà fún wọn. Wọ́n wọ ibẹ̀ lọ, wọ́n sì lò ó.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ lò ó ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní òun á rò ó. Ó bá wa wọlé. Kò sọ pé òun gbà, mi ò sì fi dandan lé e. Àwọn kan wà nínú ìlú yìí tí wọ́n ń bèèrè pé kí wọ́n yí orúkọ ilé náà padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìyá lè fi ọjọ́ kan parí fún ọmọ.

Ibi tí a gbà parí rẹ̀

Màmá ti rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà a jẹun ọ̀sán ní àdúgbò North End. Mo ti gbé mọ́ínmọ́ín àti jọ̀lọ́ọ̀fù dání nínú kúlà, ẹ má dá mi lóhùn. A rí ilé Paul Revere, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1680, àti ṣọ́ọ̀ṣì Old North ti 1723, níbi tí wọ́n ti gbé fìtílà méjì kọ́ sókè ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin 1775, láti fi hàn pé ojú omi ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń gbà bọ̀.

Lókè díẹ̀ ni itẹ́ òkú Copp's Hill, ti 1659. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún adúláwọ̀, ẹrú àti òmìnira, tí wọ́n sin síbẹ̀. Òkúta ibojì wọn kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Prince Hall ní tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 1777, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ka ìwé òmìnira fún ìlú, Prince Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Massachusetts pé òmìnira tí ẹ ń jà fún, àwa náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó jà kí àwọn ọmọ wọn lè rí ilé-ìwé lọ. Ó kú ní 1807. Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni àǹfààní ká máa dá ẹgbẹ́ nílẹ̀ àjèjì, ẹ mú un lọ sí ibojì yẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e la lọ sí Charlestown láti parí èyí tó kù. Ọkọ̀ ogun USS Constitution, tí wọ́n tì sómi ní 1797, ṣì léfòó níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé láàárín 1853 sí 1855, etí òkun Áfíríkà ló wà, tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ẹrú, ó sì mú ọ̀kan ní 1853. Màmá fọwọ́ kan ara rẹ̀ bí ẹni kí ọ̀rẹ́.

Òpó òkúta Bunker Hill ló kẹ́yìn. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 221. Ó wà fún ìrántí ìjà ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà 1775. Àwọn adúláwọ̀ jà níbẹ̀. Salem Poor jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó fi pọ́n-ùn 27 ra ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú ní 1769. Lẹ́yìn ìjà náà, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun 14 kọ ìwé láti yìn ín.

Àtẹ̀gùn 294 ló wà nínú òpó náà. Màmá jókòó sísàlẹ̀, wọ́n ní Olúmọ làwọn ti gùn tó. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá fún ogun wá sábẹ́ òkúta yẹn ní 1830, tí ìlú fi di Abẹ́-òkúta. Wọ́n wá ní kí ọmọ mi ọkùnrin máa fi èdè Yorùbá ka àtẹ̀gùn náà bó ṣe ń gùn ún. Ó ka ení, èjì, títí dé ogójì, ó dàrú. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, Màmá sọ fún un pé 294 kò le: ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́fà ni. Ó ní, "Mọ́mì, Yorùbá ń yọ kúrò kí wọ́n tó kà á!" Mo ní ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi di akáńtáǹtì.

Ìbúra

Ní oṣù kẹsàn-án, mo gbọ́wọ́ ọ̀tún mi sókè nínú Faneuil Hall láàárín àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù, òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 kò gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó di ọmọ ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ mi obìnrin tẹ̀lé mi lọ. Bí mo ṣe ń búra, Frank ló wá sí mi lọ́kàn, òun àti ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn. Orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, bí wọ́n ṣe sọ mí lórúkọ ní Abẹ́òkúta, ni ó wà lára ìwé tí wọ́n fún mi. Kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ mi ya fọ́tò ìwé náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló ní òun fẹ́ máa kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sójú ọ̀nà pupa, àti pé ibojì Frank ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín bá wọn lọ, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Kí ẹ tó jáde nílé: ẹ wọ bàtà kẹ́ńfáàsì, òkúta ojú ọ̀nà kò mọ bàtà gogoro. Ẹ má gbé mọ́tò, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí yóò bà yín nínú jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni rírìn ọ̀nà náà, ọ̀fẹ́ ni Faneuil Hall, ọkọ̀ ogun, àti òpó Bunker Hill. Àgbàlagbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ogun gbọ́dọ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ ó sanwó díẹ̀ kí ẹ tó wọ Old South, Old State House, Old North, àti ilé Paul Revere. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín, ẹ pín in sí ọjọ́ méjì bíi tiwa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ẹ̀yin ọmọ: (1) Kòkòrò wo ló wà lórí òrùlé Faneuil Hall? (2) Ta ló ra ara rẹ̀ ní pọ́n-ùn 27? (3) Báwo la ṣe ń pe 294 ní Yorùbá? (4) Kí ni orúkọ rẹ lódindi, ta ló sọ ọ́, kí ló sì fà á? Ìkẹrin yìí kò sí lójú ọ̀nà pupa. Ẹ bi àwọn òbí yín.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa rìn ire o.